Ebi Kì í Ṣe Ààwẹ̀: Bí A Ṣe Lè Sinmi Kúrò Lórí Ìkànnì Ayélujára

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Àgbàdo ní kùtùkùtù òwúrọ̀, èyí tí ó ń gba Ìjú, Agége, Ìkẹjà àti Oṣòdì lọ sí Oyíǹgbò, yóò rí àwọn èrò tí èjìká wọn ń kan ara wọn, ṣùgbọ́n tí ẹnìkan kò béèrè àlàáfíà ẹnìkejì; àtàǹpàkò kálukú ni ó ń fa ojú fóònù sókè, tí ìròyìn ogun, àwàdà àti àwòrán ìgbéyàwó ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn láìlópin. Kò yẹ kí á bá àwọn èrò náà wí jù. Àwọn tí ó ṣe ìkànnì wọ̀nyí ni ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ òpin kúrò nínú wọn, wọ́n sì ṣe é kí ẹni tí ń wò ó má mọ ìgbà tí ohun tí yóò dùn mọ́ ọn yóò yọ. Ìrètí yìí ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ fi fóònù sílẹ̀.

Ìjọba ti sọ ìsinmi kúrò lórí ìkànnì di dandan fún wa rí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2021, lẹ́yìn tí Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ rẹ́, Lai Mohammed, mínísítà ètò ìròyìn, kéde pé a ti fòfin de ìkànnì náà, a kò sì ṣí i padà títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Ǹjẹ́ ìsinmi nìyẹn? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gba VPN sórí fóònù, wọ́n sì gba ẹ̀yìnkùlé padà wọlé. Ará Mówé àti Ìbàfò, tí àgọ́ àdúrà yí ká, mọ̀ pé ẹni tí ebi ń pa nítorí pé gàrí tán nílé kì í ṣe aláàwẹ̀.

Ti àwọn ará Amẹ́ríkà kan yàtọ̀. Ní ọdún 2018, Hunt Allcott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, sanwó fún àwọn tí ó gbà láti pa Facebook tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ìdìbò. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Nǹkan bí wákàtí kan lójúmọ́ ni ó bọ́ sí wọn lọ́wọ́: wọ́n lo díẹ̀ lára rẹ̀ pẹ̀lú ẹbí àti ọ̀rẹ́, wọ́n sì fi òmíràn dá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Ọkàn wọn fúyẹ́ díẹ̀, kèéta òṣèlú rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn tí wọ́n mọ̀ náà dín kù. Bí èrè náà ti kéré tó gan-an ni ó mú mi gbà á gbọ́, nítorí ẹni tí ó bá ní ewé kan ṣoṣo wo gbogbo àrùn sàn, àpò rẹ̀ ni à á yẹ̀ wò.

Ibi tí ó ti ta kókó fún wa ni pé ìyá aláńkárá ní Ifọ̀, tí ó ń pàtẹ ọjà sórí status WhatsApp, kò lè tì í pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí oníbàárà má rò pé ó ti kógbá wọlé. Kí irú rẹ̀ yọ Facebook àti TikTok kúrò lórí fóònù, kí ó fi WhatsApp nìkan sílẹ̀ fún oníbàárà, kí ó pa status àwọn ẹlòmíràn mọ́, kí fóònù sì sùn sí pálọ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni à á ti í wò ó: kí ó tètè sọ fún ẹbí, nítorí ẹni tí kò bá ṣe “Àmín” sí àdúrà òwúrọ̀ lórí gúrúùpù ẹbí fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn a ní ó ń bínú, bọ̀dá àgbà a sì pè é láti béèrè ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́.