Wíwá Baba-Ńlá Ẹni ní Itẹ́ Òkú Sàró

Bí ọmọ Nàìjíríà kan tí ó ń jẹ́ orúkọ ìdílé Òyìnbó bá gúnlẹ̀ sí Freetown, olú-ìlú Sierra Leone tí àwọn Yorùbá ń pè ní Sàró, tí ó sì ń bèèrè ibi tí baba-ńlá rẹ̀ gbé sùn, ó ṣeé ṣe kí a darí rẹ̀ sí itẹ́ òkú àtijọ́ tí ó wà ní Circular Road. Kì í ṣe orúkọ àjèjì ni yóò bá lára òkúta ibẹ̀. Irú wọn ni ó ń gbọ́ ní Èkó àti Abẹ́òkúta láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní ọdún 1807 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Láti 1808 títí di lẹ́yìn 1860, àwọn ọkọ̀ ogun wọn a máa dá ọkọ̀ olówò ẹrú dúró lójú òkun, wọn a sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown. Àwọn tí a kó síbẹ̀ lé ní 80,000. Ìgbò wà nínú wọn, Haúsá àti Núpé wà níbẹ̀. Yorùbá sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi sọ wọ́n ní Akú, nítorí “ẹ kú” tí kì í wọ́n nínú ìkíni wọn.

Orúkọ ni ó máa ń da olùwádìí rú. Nígbà ìrìbọmi, orúkọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run tàbí ti olóore kan ní òkè òkun ni a sábà máa ń fún wọn. Àjàyí tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí ó sì dé Freetown ní 1822, gba orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1825, ó di Samuel Crowther. Nítorí náà, ẹni méjì tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà lára òkúta lè má bá ara wọn tan rárá.

Orúkọ tí ìyá sọ ọmọ wà nínú ìwé mìíràn. Ní ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba tí ó wà ní Fourah Bay College, a ṣì ní àwọn ìwé ńlá tí a kọ orúkọ àwọn tí ó sọ̀ kalẹ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́ orí, gíga ara, àti ilà tàbí àpá ara wọn. Ìwé ìrìbọmi àwọn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé bíi Hastings, Regent àti Waterloo ni ó lè so méjèèjì pọ̀, níbi tí ikán kò bá tíì jẹ ẹ́.

Ní ìdí ibojì, kí a má fi ọ̀bẹ ha òkúta, kí a má sì da ásíìdì sí i. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ó dára jù, nígbà tí oòrùn bá ń tàn láti ẹ̀gbẹ́, nítorí òjìji a máa mú kí lẹ́tà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ hàn. Kí a kọ orúkọ àwọn ibojì tí ó yí i ká pẹ̀lú. Àna àti ọmọ ìyá a máa sùn nítòsí ara wọn. Àmọ́ ẹni tí ó lówó mábù nìkan ni òkúta ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn Kíríò, ìran àwọn tí a kó sọ̀ náà, ṣì ń ṣe àsè ìrántí òkú tí wọ́n ń pè ní awujoh, pẹ̀lú obì àti omi. Yorùbá kì í pẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀. Àgbàlagbà kan nídìí àsè bẹ́ẹ̀ lè mọ oríkì tí kò sí nínú ìwé kankan.

Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí padà sílé láti 1839 ti pàdánù púpọ̀ nínú òkúta tiwọn. Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Èkó, níbi tí a sin Bíṣọ́ọ̀bù Crowther sí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891, ni ìjọba ológun hú láàárín 1970 sí 1979. A gbé egungun Bíṣọ́ọ̀bù lọ sí Kàtídírà ní Marina. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkú ibẹ̀ ni ó ní ẹni tí yóò gbé e. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé bẹ́ẹ̀, Freetown ni ó kù láti lọ wò.