Bí A Ṣe Ń Fi Àwòrán Sọ Ìtàn, Lórí Bébà àti Lójú Fóònù

Lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń fi àwòrán sọ ìtàn, yálà nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà tàbí lórí fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Àwọn kan rò pé kámẹ́rà olówó ńlá ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe tò ó ni iṣẹ́ wà: àwòrán wo ló ṣíwájú, èwo ló tẹ̀ lé e, ibo lọ̀rọ̀ máa jókòó sí.

Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín nípa Atóka. Ìwé ìròyìn Yorùbá ni, ọdún 1967 ló bẹ̀rẹ̀ sí jáde nílùú Èkó. Àwọn òṣèré orí ìtàgé á ṣeré, oníkámẹ́rà á yà á ní ẹyọ-ẹyọ, wọ́n á wá tò ó sójú ìwé, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ohùn, kò sí ìlù, àwòrán ò sì lè rìn. Síbẹ̀, èèyàn á mọ ẹni tó ń bínú àti ẹni tó fẹ́ sá. Nínú irú iṣẹ́ yìí, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà lápá òsì tàbí lókè, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kàwé. Bí ìdáhùn bá ṣíwájú ìbéèrè, ọ̀rọ̀ dojú rú nìyẹn.

Ká mú àpẹẹrẹ kan tẹ́ ẹ lè dán wò. Ẹ lọ sọ́dọ̀ aládìrẹ kan, bóyá nílùú Abẹ́òkúta. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ màmá náà o. Àádọ́ta fọ́tò lẹ lè yà, àmọ́ márùn-ún péré ni kẹ́ ẹ mú. Àkọ́kọ́ á fi ibi tá a wà hàn: ìkòkò aró, okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Èkejì, màmá lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ kun ẹ̀kọ sára aṣọ, torí ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró ò ní mú.

Ìkẹrin ni ọkàn ìtàn yìí. Tí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú aró èlú, àwọ̀ rẹ̀ máa ń jọ ti ewé. Atẹ́gùn tó bá fẹ́ sí i ló ń sọ ọ́ di búlúù, níṣojú yín báyìí. Ẹ tètè yà á! Ìkarùn-ún ni aṣọ búlúù náà lọ́wọ́ màmá, kí ojú òun fúnra rẹ̀ hàn dáadáa.

Lórí bébà, màá fi aṣọ aláwọ̀ ewé sápá òsì, màá fi búlúù sápá ọ̀tún, kí ojú rí méjèèjì pọ̀. Lójú fóònù, ẹyọ kan là ń rí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì dùn mọ́ mi: àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ hàn, téèyàn bá fi ìka fà á, búlúù á yọ. Ẹ má fi búlúù ṣe àwòrán ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ti jẹ ẹran inú ọbẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó gbé oúnjẹ síwájú àlejò nìyẹn.

Bébà náà ní ìyọnu tiẹ̀. Ẹ má fi ojú èèyàn sí àárín ibi tí ojú ìwé méjì ti pàdé, ìwé á gbé imú ẹni ẹlẹ́ni mì. Búlúù tó ń tàn lójú fóònù sábà máa ń ṣú lórí bébà, torí ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń ṣe àwọ̀, yíǹkì sì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò. WhatsApp pẹ̀lú máa ń dín fọ́tò kù. Tẹ́ ẹ bá ń fi í ránṣẹ́ sí atẹ̀wé, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document.

Ó wá ku ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló sì ń dùn mí jù. Ọ̀pọ̀ dìsáínà máa ń yọ àmì kúrò nínú àkọlé, wọ́n ní ó ń ba ẹwà jẹ́. Ẹ wá kọ "aro" sórí fọ́tò màmá yẹn. Ṣé aró ni àbí arọ? Àbí àrọ̀ inú odò? Obìnrin tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ iṣẹ́, ẹ ti sọ ọ́ di ẹja.

Fọ́ǹtì ló sábà máa ń fà á. Kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú lẹ́tà bíi ẹ̀ tàbí ọ́ bí ẹyọ kan. Lẹ́tà wà lọ́tọ̀, àmì ohùn wà lọ́tọ̀, fọ́ǹtì ló ń gbé èkejì lé àkọ́kọ́ lórí. Fọ́ǹtì tí wọn ò ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á ju àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí n tó lo fọ́ǹtì èyíkéyìí, mo máa ń kọ "Ẹ̀KỌ́ Ọ̀FẸ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́" sí i. Tí àmì bá ṣubú, mo pa á tì, bó ti wù kó rẹwà tó. Noto Sans tí Google ń fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń gbé e dáadáa. Ẹ sì fàyè sáàárín ìlà, kí àmì ìsàlẹ̀ ti ìlà òkè má bàa kọ lu àmì ohùn ti ìlà tó tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: fọ́tò márùn-ún, ìlà ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ "màmá ń rẹ aṣọ". A ti rí ìyẹn. Ẹ kọ ohun tí ojú ò lè rí, bí iye ìgbà tó ki aṣọ bọ aró. Kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan kan, ẹ fi fọ́tò han ẹnì kan láìsí ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ ní kó sọ ìtàn náà fún yín. Ibi tó bá ti kọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni fọ́tò kan ti sọnù. Ó dìgbà o.