Kí Ẹ Tó Ra Ọkọ̀ Ojú Omi Àlòkù

Ní ọdún 1987 ni iṣẹ́ parí lórí odi tí a fi sé odò Mono ní Nangbéto, ní apá ìlà-oòrùn Atakpamé. Nítorí iná mànàmáná tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ń pín lò ni a ṣe sé odò náà. Lẹ́yìn odi yìí ni omi ti tẹ́jú di adágún ńlá. Nígbà tí ó bá kún, fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 180 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fi ẹja inú rẹ̀ jẹun.

Iṣẹ́ ẹja pípa lórí irú omi bẹ́ẹ̀ kò ṣe é ṣe láìsí ọkọ̀. Ọkọ̀ tuntun wọ́n, nítorí náà ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ṣe máa ń wá àlòkù. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà lè sọ̀ kalẹ̀, kí ó fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ya láàárín adágún kò ní ibi tí yóò sọ̀ kalẹ̀ sí.

Ẹ má ṣe ra ọkọ̀ tí ẹ kò rí ìdí rẹ̀. Ẹ ní kí a wọ́ ọ gun èbúté, kí a sì dojú rẹ̀ dé. Bí ẹni tí ó ń tà á bá kọ̀, ẹ máa lọ. Bí ó bá gbà, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kékeré gún pákó jẹ́jẹ́, pàápàá níbi tí pákó méjì ti pàdé àti ní àyíká ìṣó. Igi tí ó le kò ní jẹ́ kí ọ̀bẹ wọlé. Bí ó bá wọlé bí ìgbà tí a gún iṣu sísè, igi náà ti jẹrà. Ẹ wò ó bóyá ìṣó ti dípẹtà. Ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà. Ọ̀dà ń dáàbò bo igi, ṣùgbọ́n ó tún lè bo ojú egbò.

Lẹ́yìn èyí, kí a dá ọkọ̀ padà sórí omi. Ẹ di ẹrù tí ó wúwo tó èèyàn, àwọ̀n àti ẹja tí yóò máa gbé sínú rẹ̀, kí ẹ sì dúró fún wákàtí mélòó kan. Ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ lè kọ́kọ́ jò díẹ̀, nítorí pé pákó gbígbẹ máa ń sún kì. Bí ó bá mumi, yóò wú, àlàfo yóò sì dí. Jíjò tí ó ń dínkù kò burú. Èyí tí ó ń pọ̀ sí i ni kí a sá fún. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ọkọ̀ náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, àti bóyá etí rẹ̀ ṣì ga dáadáa ju omi lọ. Ìjì tí ń ṣáájú òjò máa ń gbé ìgbì dìde lórí adágún.

Iye tí a pe ọkọ̀ nìkan kọ́ ni owó rẹ̀. Ẹ mú káfíńtà tí kì í ṣe ẹbí ẹni tí ń tà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Ẹ kọ owó pákó, ìṣó, ọ̀dà àti iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, kí ẹ rò ó pọ̀ mọ́ iye ọkọ̀. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá súnmọ́ owó tuntun, ó sàn kí ẹ fi sùúrù kó owó jọ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ kọ ìwé. Kí orúkọ ẹni tí ó tà á àti ẹni tí ó rà á wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, iye owó àti orúkọ ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ ka ìwé náà sókè lójú gbogbo wọn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.