Ẹ̀kọ́ Ìwé fún Àwọn Ọmọkùnrin Tí Ọkàn Wọn Gbọgbẹ́: Ohun Tó Yẹ Kí Olùtọrẹ Mọ̀

Bismillahi Rahmani Rahim.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba Aṣẹ̀dá ni. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), ẹni tí òun náà jẹ́ ọmọ òrukàn. Bàbá rẹ̀ kú kí wọ́n tó bí i, ìyá rẹ̀ sì kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 6.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè kan wà tí ẹ̀yin olùtọrẹ máa ń bi wá. Ọmọkùnrin tí a san owó ilé ìwé fún, tó ń sá kúrò ní kíláàsì, tó ń lu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń jalè, kí ni kí á ṣe sí i? Àwọn kan ní kí á yọ ọ́ kúrò nínú ètò. Àwọn mìíràn ní kí á mú un lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tún ọmọ aláìgbọràn ṣe. Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á wo bí àwọn kan ti ṣe é níbòmíràn, kí á sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé tiwa.

Kí ni irú ilé bẹ́ẹ̀?

Ní ọdún 1946, dókítà ọpọlọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Tom Main, kọ̀wé nípa ìtọ́jú àwọn sójà tí ogun ti da ọkàn wọn rú ní ilé ìwòsàn Northfield, ní Birmingham. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kì í ṣe dókítà nìkan ló ń wo aláìsàn sàn. Gbígbé pọ̀ fúnra rẹ̀ lè di oògùn: oúnjẹ, iṣẹ́, ìpàdé, ìjà àti píparí ìjà.

Ní 1948, Barbara Dockar-Drysdale àti ọkọ rẹ̀ dá Mulberry Bush School sílẹ̀ ní Standlake, ní Oxfordshire. Ilé ìwé náà ṣì wà títí di òní. Obìnrin yìí ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ kan wà tí wọn kò rí ìtọ́jú ìyá gbà dáadáa ní kékeré, tó fi jẹ́ pé inú wọn dì bíi yìnyín. Wọn kò lè fara da ìbínú, wọn kò sì lè dúró de ohunkóhun. Bí ẹ bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ síwájú pátákó ìkọ̀wé, orí àpáta lẹ ń gbin àgbàdo sí.

Èyí tó jẹ́ ti ọmọkùnrin nìkan ni Cotswold Community, ní Wiltshire. Ilé tí ilé ẹjọ́ ń rán àwọn ọmọkùnrin lọ fún ìbáwí ni tẹ́lẹ̀, níbi tí àwọn alágbára ti ń jẹ gàba lórí àwọn kéékèèké. Ní 1967, Richard Balbernie gba ibẹ̀. Ó yí ètò ìbáwí padà sí ètò ìtọ́jú, ó pín àwọn ọmọ sí agbo ilé kéékèèké, Dockar-Drysdale sì di olùdámọ̀ràn wọn. Ilé náà ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀.

Bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ níbẹ̀

1. Àgbàlagbà kan náà ni ọmọ ń rí lójoojúmọ́. Ó lè jẹ́ ẹyin bíbọ̀ kan péré ni yóò máa fún un, ní àkókò kan náà, bí ọmọ náà ṣe fẹ́ ẹ. Bí ó bá ṣèlérí rẹ̀, kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ pé ènìyàn ṣeé fọkàn tán.

2. Kíláàsì kéré, olùkọ́ àti olùtọ́jú ilé sì jọ ń sọ̀rọ̀. Bí ọmọ kò bá sùn mọ́jú nítorí ẹkún, olùkọ́ ti mọ̀ kí ó tó wọ kíláàsì.

3. Ibi tí ọmọ dé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 12 tí kò lè ka ìwé ọmọ ọdún 6 lè ju àga nù kí ojú má baà tì í. Ìtìjú ni àwa ń pè ní àìgbọràn nígbà mìíràn.

4. Wọ́n ń ṣe ìpàdé. Ẹni tó ṣẹ̀ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀, yóò sì bá wọn tún ohun tó bàjẹ́ ṣe.

5. Àwọn olùtọ́jú náà ní ìpàdé tiwọn, nítorí ìbínú ọmọ máa ń ràn wọ́n. Olùtọ́jú tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ kò ní pẹ́ gbé pàṣán.

Iṣẹ́ yìí ń gba ọdún, ó sì ń gba owó.

Nílé tiwa

Ní oṣù September 2019, ní Rigasa, Kaduna, àwọn ọlọ́pàá tú àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 300 sílẹ̀ nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní ilé kéwú àti ilé ìtúnṣe. Ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní oṣù November ọdún náà, wọ́n tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹbí ló mú púpọ̀ nínú wọn lọ, tí wọ́n sì ń sanwó. Ẹ wò ó, owó ẹni tó ń wá ire ọmọ ló ra ẹ̀wọ̀n.

Èyí kò sọ gbogbo ilé kéwú di ẹlẹ́bi. Ọ̀pọ̀ àfáà ló ń fi oúnjẹ ẹnu ara wọn bọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọdún 10 ni Anas bin Malik fi sin Ànábì (SAW) láti kékeré, kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kíkanra kan lẹ́nu rẹ̀. Ìlànà tiwa nìyẹn. Àwọn àgbà náà ní, bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Kí ẹ tó fowó sílẹ̀

Ẹ béèrè: Ǹjẹ́ ẹbí lè wá wo ọmọ láìsọ tẹ́lẹ̀? Ta ni ọmọ lè fẹjọ́ sùn yàtọ̀ sí ọ̀gá ilé? Ó ha ń lọ sí kíláàsì bí? Ta ló ń tọ́jú rẹ̀ lóru? Ǹjẹ́ ìjọba mọ̀ nípa ilé náà? Ọjọ́ wo ni yóò padà sílé? Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ di owó yín mú.

Ní ti sàká, ìsọ̀rí 8 tó wà nínú Suuratu Tawbah, àáyá 60, ni a ń tẹ̀ lé. Jíjẹ́ ọmọ òrukàn nìkan kò sọ ọmọ di ẹni tó ń gba sàká. Àìní rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, oúnjẹ, aṣọ àti owó ilé ìwé ọmọ tí kò ní lè wá láti inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ló sọ pé sàká gbọdọ̀ di ohun ìní ẹni tó tọ́ sí. Fún ìdí èyí, ẹ jẹ́ kí kíkọ́ ilé àti owó oṣù olùkọ́ wá láti inú sàráà àti wakafu.

Ọmọ tó ń da kíláàsì rú ló nílò wa jù. Bí a bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé wa, ìgboro ni yóò gbà á. Ẹ jẹ́ kí á ní sùúrù fún un, kí á sì máa bẹ ibi tó ń gbé wò.

Kí Ọlọ́hun gba ìtọrẹ wa ní ìjọ́sìn, kí Ó sì fi wá sí ẹ̀gbẹ́ Ànábì Rẹ̀ ní Alujanna pẹ̀lú àwọn tó tọ́jú ọmọ òrukàn. Aamiin.

Wassalaamu alaykum.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́