Aṣọ Ilẹ̀ ní Oko Àlìkámà

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú yín: bí ilẹ̀ bá ń sinmi, ó ha yẹ kí ó wà ní ìhòòhò bí?

Ní ìwọ̀ oòrùn Kansas àti ìlà oòrùn Colorado, ní Amẹ́ríkà, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbẹ kan wà tí a ti ń gbin àlìkámà púpọ̀. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kò ju nǹkan bí íǹṣì 15 sí 20 lọ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń gbin àlìkámà lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún méjì. Lẹ́yìn ìkórè, wọn a fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 14, kí omi lè kó jọ sínú rẹ̀ de irúgbìn tí ń bọ̀. Nígbà àtijọ́, wọn a máa tú ilẹ̀ náà léraléra, kí koríko má baà mu omi náà tán.

Èrò yìí dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a tú tí a kò bò, ìjẹ ni fún afẹ́fẹ́. Nígbà tí ọ̀dá ńlá dé lẹ́yìn ọdún 1930, ìjì gbé erùpẹ̀ oko lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1935, eruku sọ ọ̀sán di òru ní Kansas, Oklahoma àti Texas. Ní oṣù náà gan-an ni ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin ìdáàbòbò ilẹ̀, a sì fi Hugh Hammond Bennett ṣe olórí iṣẹ́ náà.

Lónìí, àwọn àgbẹ̀ mìíràn ń gbin ohun tí yóò bo ilẹ̀ ní àkókò ìsinmi rẹ̀. Kì í ṣe fún títà, bí kò ṣe fún ire ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹbí ẹ̀wà ni àwọn kan nínú wọn. Ẹ̀wà tiwa pàápàá, tí ó ti Áfíríkà lọ, wà lára wọn. Gbòǹgbò wọn ní kókó kéékèèké, níbi tí àwọn ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí ti ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ ewéko. Ẹbí ọkà ni àwọn mìíràn, tí gbòǹgbò wọn ń di erùpẹ̀ mú. Bí gbogbo wọn bá kú tí wọ́n sì rà, wọn a di ilẹ̀dú, òjò a sì ráyè wọlé dípò kí ó ṣàn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ohun tí ó bo ilẹ̀ ń mu omi pẹ̀lú. Bí a bá jẹ́ kí ó dàgbà jù, tí òjò kò sì rọ̀ tó lẹ́yìn rẹ̀, òùngbẹ yóò gbẹ àlìkámà, ìkórè yóò sì dín. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Nítorí náà ni àgbẹ̀ tí ó gbọ́n fi ń tètè pa á, tí ó sì ń fi í sílẹ̀ sórí ilẹ̀ bí ẹní. Ní ọdún ọ̀dá, ó lè má gbìn ín rárá, kí ó jẹ́ kí pòròpórò àlìkámà tí a ti kórè ṣe aṣọ ilẹ̀.

Àwa tí a ó kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọgbà lè fi ẹ̀kọ́ yìí hàn wọ́n láìnáwó. Kí a bu erùpẹ̀ sínú àpótí méjì, kí a gbé apá kan àwọn àpótí náà sókè díẹ̀, kí a fi koríko gbígbẹ bo ọ̀kan, kí a sì wọ́n omi sí méjèèjì. Kí àwọn ọmọ wo omi tí ń ṣàn jáde, èyí tí ó kún fún ẹrẹ̀ àti èyí tí ó mọ́ jù ú lọ. Nígbà náà ni kí a wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa.