Àwọn Kòkòrò tó ń Bá Wa Ṣòwò

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń ta ògì, fùfú, irú àti ohun mímu ní ọjà Boundary àti káàkiri Ajégúnlẹ̀. Gbogbo yín lẹ ní òṣìṣẹ́ tí ẹ kì í sanwó fún: kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn dókítà ń pè ní bakitéríà.

Oníṣòwò bíi tiwa ló kọ́kọ́ rí wọn. Antonie van Leeuwenhoek, ará ìlú Delft ní Hólándì, aṣọ ló ń tà. Ó fẹ́ mọ ohun tó mú kí ata máa ta ni, ló bá rẹ ata sómi, ó fi dígí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wò ó. Ní 1676 ó kọ̀wé pé ohun ẹlẹ́mìí wẹ́wẹ́ ń rìn nínú omi náà.

Ẹ wo fùfú. Bí ẹ̀gẹ́ bá wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, àwọn kòkòrò yìí á sọ omi náà di kíkan, ẹ̀gẹ́ á rọ̀, oró inú rẹ̀ á sì dínkù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ògì ṣe ń kan. Ti irú yàtọ̀. Iná tí a fi se irúgbá kì í pa kòkòrò tirẹ̀ tán. Wọ́n á sápamọ́, bí a bá sì bò ó kí ooru mú un, wọ́n á jí sẹ́nu iṣẹ́. Òórùn tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń yínmú sí yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni!

Ṣùgbọ́n ẹ̀yà wọn kan ló ń fa onígbáméjì, tí a tún ń pè ní kọ́lẹ́rà. Ó wọ Èkó ní ìparí 1970. Ní June 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tún kéde rẹ̀, ohun mímu ọ̀fíò tí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n fura sí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀fíò? Kòkòrò onígbáméjì kò lè fara da ohun tó kan bí ògì, a sì tún máa ń gbé ògì kaná ká tó mu ún. Ọ̀fíò kò kan, kò sì rí iná. Omi tí ẹ fi lọ̀ ọ́ gan-an ni oníbàárà ń mu. Àdúgbò wa sì rẹlẹ̀: bí òjò bá rọ̀, omi gọ́tà, ti ṣáláńgá àti ti kànga á pàdé. Omi náà lè mọ́ lójú o! Níbi tí ara bá ti rọ kòkòrò, ọ̀kan lè di méjì láàrin 20 ìṣẹ́jú. Láti agogo 7 àárọ̀ sí agogo 2 ọ̀sán, ẹyọ kan lè ju mílíọ̀nù méjì lọ.

Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí ẹ dé e títí tí yóò fi tutù. Omi bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ fi ṣe yìnyín, nítorí ẹni tó se zóbò tán tó wá da omi tútù kànga sí i, iná tó dá ti di asán. A mọ̀ pé gáàsì wọ́n. Ẹ kà á mọ́ owó ọjà. Bí oníbàárà bá ní ó ti wọ́n jù, ẹ sọ ohun tí ẹ fi owó náà ṣe fún un.