Ọmọ Tí Ó Fẹ́ Pa Irun Láró: Ẹ̀yin Òbí, Ẹ Gbọ́ Tẹnu Rẹ̀

Bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ jẹyọ nínú ilé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó fi Lọ́kọ́jà ṣe ibùgbé, ìbáà ṣe ní Adankolo, ní Felele, ní Lokongoma tàbí ní Ganaja. Ọmọ ọdún 16 yóò kúnlẹ̀, yóò ní, “Ẹ jọ̀wọ́, bàbá mi, mo fẹ́ pa irun mi láró.” Bàbá yóò wò ó láti òkè délẹ̀, yóò ní, “Irun wo? Nínú ilé ta ni?” Ìyá yóò pòṣé láti ilé ìdáná. Lójú àgbà, ọ̀rọ̀ ti parí. Lójú ọmọ, kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, lórí ọ̀rọ̀ irun láró yìí, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní dáì, a fẹ́ gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n fetí sí ẹ̀bẹ̀ ọmọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kí wọ́n sì gbà fún ọmọ tí ó bá ti dàgbà tó, lórí àdéhùn tí a ó tò sí ìsàlẹ̀.

Ojú Ayé Lẹ́yìn Odi

Ohun tí ń ba òbí lẹ́rù yé wa. Ẹni tí ó wà ní ìlú onílùú a máa ṣọ́ ara rẹ̀. Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, jẹ́ ìlú tí oríṣiríṣi ènìyàn ti ń gbé pọ̀ tipẹ́: àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tí ó jẹ́ ìbátan wa, àwọn Tápà, Haúsá, Ìgalà, Ẹ̀bìrà àti Ìgbò. Bí ọmọ kan bá hu ìwà tí kò dára níbẹ̀, wọn kì í pe orúkọ bàbá rẹ̀. “Ọmọ Yorùbá yẹn” ni wọn yóò pè é, gbogbo wa a sì jọ pín nínú ẹ̀gàn náà. Nítorí èyí ni òbí ṣe ń fi irun orí ọmọ ṣe ẹ̀rí pé ọmọ náà gba ẹ̀kọ́ ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo apá kejì. Ọmọ tí a bí sílé ní Òṣogbo tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, bí bàbá rẹ̀ bá jágbe mọ́ ọn, ó lè sá tọ ìyá àgbà lọ, tàbí kí ó wá ẹ̀gbọ́n bàbá tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń dàgbà lẹ́yìn odi kò ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ nítòsí. Èdè mẹ́ta mẹ́rin ni ó ń gbọ́ lójú pópó kí ó tó délé, ilé nìkan ni ó sì kù fún un tí ó lè ti fi èdè ìyá rẹ̀ sọ tinú rẹ̀. Bí a bá pa á lẹ́nu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ irun, kò ní mú ọ̀rọ̀ tí ó ju irun lọ wá bá wa. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá fẹ́ tàn án jẹ, tàbí tí ohun kan bá ń ṣe é lára, ẹlòmíràn ni yóò sọ fún.

Irun Ti Ń Yí Padà Tipẹ́

Àwọn kan yóò ní àṣà wa kò fàyè gba irú nǹkan báyìí. Lóòótọ́, òwe àgbà ní, “Ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi.” Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń ka ìwà ènìyàn lára irun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ti pẹ́ tí a ti ń fi irun dárà. Àwọn ìlàrí ààfin Ọ̀yọ́ a máa fá apá kan orí wọn. Àwọn ẹlẹ́gùn-ún Ṣàngó, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, a máa dirun bí obìnrin. Ní ọdún 1968 ni ayàwòrán J. D. ’Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, èyí tí ó sì yà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan kí ó tó di olóògbé ní ọdún 2014. Lára wọn ni onílé-gogoro wà, irun tí wọ́n fi sọrí àwọn ilé gíga tí ń yọ ní Èkó láyé ìgbà náà. Àwọn ọmọge tí ó di onílé-gogoro àti àwọn ọmọkùnrin tí ó dá irun àfúrò sí nígbà náà ni ìyá àgbà àti bàbá àgbà òde òní.

Aró pàápàá kì í ṣe àjèjì. Ẹ̀lú ni àwọn ìyá wa fi ń pa aṣọ, osùn ni wọ́n fi ń kun ara, làálì sì ni a fi ń ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́ títí di òní. Ní ìdíje Ife Àgbáyé ọdún 1998, gbogbo wa ni a jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tí a ń pàtẹ́wọ́ fún Taribo West, tòun ti irun dídì rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Bàbá tí ó sì ń kọ̀ fún ọmọ rẹ̀ yìí, bí ewú bá yọ lórí òun tìkára rẹ̀, a máa ra Bigen tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Jàpáánì, a sì fi sọ ewú di dúdú kí ilẹ̀ ọjọ́ ìsinmi tó mọ́.

Ibi Tí Ewu Wà

Ìdí tí ó lágbára jù lọ tí òbí fi lè kọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlera. Irun tí ó ti yọ síta kò ní ẹ̀mí mọ́; ó ń gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, bí a bá sì gé e, aró inú rẹ̀ bá a lọ. Awọ orí ni ó ń bẹ láàyè, òun ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́. Nínú ọ̀pọ̀ aró tí kì í ṣí, amóníà ni ó ń la èèpo irun, hydrogen peroxide a bó àwọ̀ dúdú inú rẹ̀, kẹ́míkà kan tí a ń pè ní PPD a sì wọlé di àwọ̀ tuntun. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba PPD, ojú rẹ̀ lè wú, orí rẹ̀ sì lè lé ròrò. Nítorí irú èyí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi pàṣẹ láti ọdún 2011 pé kí a máa kọ ọ́ sára páálí aró irun pé kò wà fún ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 16.

PPD kan náà ni wọ́n sábà ń pò mọ́ ohun tí a ń tà ní “làálì dúdú”. Ewé lásán ni làálì gidi, àwọ̀ pupa ni í sì í mú wá. Èyí tí ó bá sọ awọ di dúdú kirikiri láàárín wákàtí kan, a ti fi nǹkan mìíràn lú u.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á ṣe òdodo. Ìyá tí ó ń kígbe pé aró yóò ba orí ọmọ jẹ́, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ òun ni ó fi rílásà sí orí ọmọ náà nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 7. Kọ́sítíìkì sódà tí a fi ń se ọṣẹ wà nínú ọ̀pọ̀ rílásà. Ewu tí ó tóbi jù ni ti ọmọ tí a kọ̀ fún láìsí àlàyé. Kò ṣòro fún un láti ra ìyẹ̀fun aró lọ́jà, kí ó pò ó ní ilé ọ̀rẹ́, láìka ohun tí a kọ sára páálí, láìdán an wò lára. Bí orí bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, yóò dákẹ́ nítorí ẹ̀rù bàbá.

Òfin Ilé-Ẹ̀kọ́

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama wa ni kò gba irun aláró láàyè, òbí tí ó bá sì kọ̀ fún ọmọ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́ kò jẹ̀bi. Ní Osaka ní ilẹ̀ Jàpáánì, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ó sọ pé àwọ̀ irun òun kì í ṣe dúdú láti inú wá pe ẹjọ́ ní ọdún 2017, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń fi ipá mú un pa á láró dúdú. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ ní kí ìjọba Osaka san owó yen 330,000 fún un nítorí ìyà tí ilé-ẹ̀kọ́ fi jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ní òfin irun náà fúnra rẹ̀ kò lòdì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní Tokyo fi ọwọ́ ara wọn pa irú òfin bẹ́ẹ̀ rẹ́. A lè bá aláṣẹ sọ̀rọ̀ kí òfin yí padà. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà, kí ọmọ pa á mọ́.

Bí Ọmọ Yóò Ṣe Bẹ̀bẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ kàn yín báyìí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má ṣe sọ ọ́ nígbà tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé tí iná mànàmáná kò sì sí. Ẹ dúró kí ó jẹun tán. Ẹ má ṣe fi ọmọ aládùúgbò ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òbí kì í fẹ́ gbọ́ pé ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń darí ilé òun. Bí ẹ̀gbọ́n ìyá yín tàbí àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá wà tí bàbá ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́ kí ó bá yín dá sí i.

Kí ọmọ kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó ní: “Ẹ̀yin òbí mi, mo wá bẹ̀ yín ni. Ìdí irun nìkan ni mo fẹ́ pa láró, kò ní kan awọ orí mi. Páálí rẹ̀ rèé, nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Owó tí mo tọ́jú ni mo fẹ́ fi rà á. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí a wọlé, màá gé e kúrò. Bí ẹ bá sì ní rárá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi.” Ọmọ tí ó bá lè sọ̀rọ̀ báyìí ti fi hàn pé ẹ̀kọ́ ilé wà lára òun.

Àdéhùn

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 16, ẹ jẹ́ kí ó fi òwú tàbí àtáṣímẹ́ǹtì aláwọ̀ dirun nígbà ìsinmi. Bí ó bá ti pé bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dán aró náà wò ní ẹ̀yìn etí tàbí ní kọ̀rọ̀ ìgbúnwọ́, kí ẹ sì dúró fún wákàtí 48. Bí ó bá hún un tàbí tí ara rẹ̀ wú, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá. Ẹ má ṣe fi aró lé orí tí a fi rílásà sí láìtíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Kí onídìrí tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe é, kí ìyá sì jókòó tì í.

Bí ẹ bá sì ní ìdí gidi láti kọ̀, ẹ kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé. Àwọn bàbá wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra. Irun tí a gé yóò tún hù kí ìsinmi mìíràn tó dé. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ láti máa fi ohun tí ń ṣe é pamọ́ fún òbí rẹ̀ ní ìlú onílùú, ó ṣòro láti fà padà. Ẹ jẹ́ kí á ronú sí i.